Ta Ni Yóò Pe Àbẹ̀ní?

Ní gbogbo ìlú Douala, kò sí ẹnì kan tó ń pe Jọláolúwa ní Àwẹ̀ró. Ní yunifásítì, "la Nigériane" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé òun nìkan ni Nàìjíríà bí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sísítà Jọlá ni. Nínú ilé tó ń gbé ní Bonamoussadi, lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Nehemiah, àbúrò ìyá rẹ̀, Jọlá lásán ni. Orúkọ kì í ṣe oúnjẹ, n kò sì tí ì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú nítorí pé wọn ò pe oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń fi oríkì jí láti kékeré, tó wá dé ibi tó jẹ́ pé ariwo fóònù ló ń jí i, ẹ bi í léèrè bí ó ṣe ń rí lára.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń pè é ní Àwẹ̀ró wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ìyá Jọlá ti kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló sì dàgbà sí. Láti ìgbà tí Jọlá ti wá sí Douala, ní ìdájí, Tòkunbọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú Ìyá Àgbà nílé, á tẹ fóònù, á gbé e sí ìyá arúgbó náà létí. Ohùn á sì wọlé.

"Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mi. Ọmọ tó wẹ̀ tán tó ró aṣọ ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ò lè bínú. Ṣé o jí?"

Jọlá á ní òun jí, mà. Ìyá Àgbà á bi í bóyá ó ti jẹun, á bi í bóyá àwọn olùkọ́ yẹn ti ń sọ èdè tí èèyàn lè gbọ́, á bi í bóyá òjò ti dá. Kò mọ ibi tí Douala wà. Ohun tó mọ̀ nípa ìlú náà kò ju pé ó wà lẹ́yìn omi, pé òjò kì í dá níbẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n kó ọmọ òun lọ. Mi ò rí èyí tó parọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, Jọlá á dìde, ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ náà kì í sì í rọrùn. Bẹnsikín ló ń gbé e lọ sí ilé ìwé, ọ̀kadà tí wọ́n á gbé èrò méjì sí lẹ́yìn bí ẹni gbé àpò ìrẹsì, tí ẹrẹ̀ á máa ta sí ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Bí kò bá tètè dé, àwọn tó ti fi ìwé àti síkáàfù gba àyè sílẹ̀ á ti kún inú amphi, ìyẹn gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, yóò sì dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó pẹ́ dé. Faransé tí olùkọ́ ń sọ a máa rọ̀ bí òjò orí páànù. Kí Jọlá tó fi Gẹ̀ẹ́sì tú gbólóhùn kan, kó tó fi Yorùbá gbé e mì, olùkọ́ ti nu ojú pátákó. Iná ìjọba á lọ nígbà tó bá fẹ́ kàwé, á dé nígbà tí oorun bá ti gbé e. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ilé iṣẹ́ ló wá ti gbé e ṣubú. Ó wá ku ìdánwò àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní rattrapage, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá tún fìdí rẹmi nínú rẹ̀, gbogbo ọdún náà ni yóò tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Nehemiah ló ní kó wá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté, ó sì ti rí i pé ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tún gbọ́ Faransé kì í wá iṣẹ́, iṣẹ́ ló ń wá a. Bí wọ́n bá gba Bonanjo kọjá, a máa nawọ́ sí àwọn ilé alájà gíga tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà, á ní kí Jọlá wo fèrèsé òkè yẹn, pé ibẹ̀ ló máa jókòó sí lọ́jọ́ kan. Jọlá á wo fèrèsé náà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kò ní sọ ni pé òun ò rí bí ohùn Ìyá Àgbà ṣe máa gòkè dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá náà sọ kí Jọlá tó kúrò nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà obìnrin ni. Òun àti Jọlá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ni Ìyá Àgbà bá dáwọ́ dúró. Ó ní àwọn èèyàn rò pé orúnkún ló ń dun arúgbó jù. Ó ní kì í ṣe orúnkún. Ó ní ẹni tó kù tó lè pe òun ní Àbẹ̀ní láyé yìí ni wọ́n bo mọ́lẹ̀ lánàá yẹn, gbogbo ẹni tó kù, Màmá ni wọ́n ń pe òun, àbí Ìyá Àgbà, àbí Ìyá Nehemiah. Jọlá fi ẹ̀rín sọ pé kó má ṣèyọnu, pé òun á máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ju hóró ẹ̀wà kan lù ú.

"Ọmọ tí mo fọ ìdí ẹ̀ ló fẹ́ máa pè mí lóríkì? Àgbà ló ń pe ọmọdé. Ọmọdé kì í pe àgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí rattrapage ku díẹ̀, ìpè ìdájí dáwọ́ dúró. Jọlá rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó pe Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀. Tòkunbọ̀ ní Ìyá Àgbà ń sùn. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà yẹn, Jọlá ò sì tí ì rí ọjọ́ tí àkùkọ jí ṣáájú Ìyá Àgbà. Nígbà tó tún pè, wọ́n ní ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó tún pè, wọ́n ní ó lọ kí ẹnì kan ní Ọ̀yọ́. Obìnrin tí orúnkún kì í jẹ́ kó dé ẹnu géètì, ó wá di arìnrìn-àjò.

Nílé ní Bonamoussadi, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Àǹtí Felicia, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Nehemiah, kì í ṣe òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tó bá kan ọ̀rọ̀ ẹran, ó háwọ́ díẹ̀. Èyí tó máa ń bù fún èèyàn, tí a bá gbé e mì, a ó bi ahọ́n bóyá nǹkan kọjá. Òun náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògúfe ńlá lé orí ìrẹsì Jọlá, tí yóò tún gbé ṣàkì tì í. Ó ń gba abọ́ tó dọ̀tí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ kàwé. Bọ̀ọ̀dá Nehemiah náà yí padà. Ó ń tètè dé láti èbúté, kì í sì í wọlé bọ̀rọ̀. Inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i. Nígbà tí Jọlá gbé omi wọlé fún wọn, gbogbo wọn pa ẹnu mọ́, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìtànṣán oòrùn, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé Olúwa á fún yín lókun.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí Jọlá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìdánwò àtiwọlé sí ilé ìwé girama ló ń múra sílẹ̀ fún. Wọ́n gbé e lọ sí ilé alájọgbé kan, wọ́n ń fún un lẹ́ran, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń fọwọ́ pa á lórí. Ìgbà tó fi pẹ́ńsù sílẹ̀ tán ni wọ́n pè é jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí. A kì í gbé ọ̀fọ̀ lé ọmọ ilé ìwé lórí nígbà tí ìdánwò bá wà níbẹ̀. A ó gbé e pamọ́ fún un títí yóò fi ṣe tán. Ìfẹ́ la fi ń ṣe é, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ṣe é fún rí, kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe fún un kó má dá a mọ̀. Jọlá wo ògúfe orí ìrẹsì rẹ̀, ó sún un sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ó ti mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti kú.

Kò bi wọ́n. Ohun tí ẹnu ò bá tí ì sọ, ó ṣì dà bí ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ tán, ó sì fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń wo Bọ̀ọ̀dá Nehemiah tó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, ọkùnrin tí ìyá tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ, tó wá ń fi ẹkún pamọ́ nítorí ìwé ọmọ ẹlòmíràn. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ń jẹ ẹran náà, ó ń dúpẹ́, ó ń ní òun ń kàwé. Bí ó bá sì ti ku òun nìkan, á máa yẹ fóònù rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ohùn Ìyá Àgbà. Kò rí i. Fọ́tò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí ìpè kì í dúró sínú fóònù, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé kó gba ohùn náà sílẹ̀. Ta ló ń gba ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ sílẹ̀?

Hannah, ọmọ ìlú Buea tí wọ́n jọ ń wá àyè ìjókòó nínú amphi, ló sọ ọ́ fún. Hannah gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ashia." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kí ẹni tó ru ẹrù, òun náà ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mi ò sì rí èyí tó bá Jọlá mu jù ú lọ lọ́jọ́ náà. Hannah ní kí ló dé tí kò bi wọ́n. Jọlá ní nílé tàwọn, wọn kì í bi àgbà bẹ́ẹ̀. Hannah ní tí kò bá bi wọ́n, báwo ló ṣe mọ̀? Jọlá ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹran fún un.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó jókòó, ó ṣí ìbéèrè, ó sì yà á lẹ́nu pé òun mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ. Ó ti fẹ́ẹ̀ parí nígbà tí èrò kan dá a dúró. Bí òun bá ti fi ìwé yìí sílẹ̀, kò ní sí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n á pè é jókòó. Wọ́n á sọ ọ́. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ yìí nìkan ló kù tí kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà kú.

Ló bá di ìwé náà mú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dìde, wọ́n ń fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń pariwo jáde. Ó tún ìlà tí ó ti fà fà. Ó ka ohun tí ó ti kọ láti òkè, ó tún kà á. Nígbà tí gbọ̀ngàn dá páropáro, obìnrin tó ń ṣọ́ wọn wá dúró tì í, ó ní mademoiselle, ó ti tó. Jọlá ò jọ̀wọ́ ìwé náà. Obìnrin náà rọra fà á yọ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ó jáde, ẹni tó sì rí lẹ́nu géètì ni Bọ̀ọ̀dá Nehemiah. Ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn oníbẹnsikín, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, báàjì èbúté ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò dé ilé ìwé Jọlá rí lọ́jọ́ iṣẹ́. Jọlá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò sì jẹ́ kó la ẹnu.

"Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo lẹ sin wọ́n?"

"Sin ta ni?"

"Ìyá Àgbà, sà."

Bọ̀ọ̀dá Nehemiah wò ó títí. "Jọlá, ta ló sọ fún ẹ pé ìyá mi kú?"

"Ẹran ni, sà," ó ní. "Ẹran tí Àǹtí ń bù fún mi."

Ẹ̀rín ló fẹ́ pa ọkùnrin náà, ẹkún ló sì bá jáde. Ó fà á dìde, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, òun náà wọlé, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé orí ọkọ̀. Ó ní Ìyá Àgbà kò kú. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ti jókòó sórí ibùsùn, Tòkunbọ̀ ti mú fóònù lọ́wọ́ láti pe Jọlá. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ohùn. Wọ́n ti gbé e kúrò ní ọsibítù. Ó ń mu ẹ̀kọ lẹ́nu ṣíbí. Dókítà ní ó ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà. Ó kọjú sí ògiri. Bọ̀ọ̀dá Nehemiah ní òun ti pè é lórí fóònù láti èbúté, òun ń pe Màmá, Màmá, títí àwọn oníṣẹ́ fi ń wo òun, kò ṣẹ́jú. Ọjọ́ Sátidé lòun ń lọ sílé, òun sì fẹ́ kí Jọlá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu òun.

Ayọ̀ kọ́kọ́ gbé Jọlá. Ó wà láàyè. Ìyá Àgbà wà láàyè, gbogbo omijé tó ti da sílẹ̀ yẹn, àdásílẹ̀ lásán ni. Kò pẹ́ tí ohun kejì fi bá a. Kò ní gbọ́ Àwẹ̀ró mọ́. Ó fẹ́ gbọ́ ọ débi pé àyà rẹ̀ ń dùn ún, ojú sì ń tì í pé nígbà tí ìyá náà wà lórí ẹní àìsàn, orúkọ tirẹ̀ lòun ń ronú.

Bọ̀ọ̀dá Nehemiah pe Tòkunbọ̀ lórí fídíò. Tòkunbọ̀ kí wọn, ó yí fóònù, Ìyá Àgbà sì hàn. Ó ti rù. Ẹnu rẹ̀ ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ wà lára ògiri tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sí. Bọ̀ọ̀dá Nehemiah pè é ní Màmá. Kò mira. Tòkunbọ̀ ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wo Jọlá." Kò mira. Jọlá gba fóònù, ó ní, "Ìyá Àgbà, èmi ni, mà." Ògiri nìkan ni ìyá náà ń wò.

Ìgbà yẹn ló rántí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wo Bọ̀ọ̀dá Nehemiah, ó tún wo fóònù.

"Àbẹ̀ní."

Bọ̀ọ̀dá Nehemiah yí ọrùn sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti bi í bóyá orí rẹ̀ pé, àti ta ló kọ́ ọ ní ìwà bẹ́ẹ̀. Òun tí ìyá náà bí gan-an ò fi orúkọ yẹn sí ẹnu rí.

"Àbẹ̀ní," Jọlá tún ní. "Àbẹ̀ní, ẹni tí a bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ kí a tó ní. Ṣé ẹ jí?"

Ojú ìyá náà kúrò lára ògiri. Ó rọra ń bọ̀, ó ń wá kiri inú yàrá, bí ẹni tó gbọ́ ohùn èèyàn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí ó ti rò pé kò sẹ́ni tó kù. Ó gba ojú Tòkunbọ̀ kọjá. Ó dé orí fóònù, ó dúró. Ètè rẹ̀ mì. Ohùn kan jáde níbẹ̀, kò di ọ̀rọ̀, kò sì di orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni.

Omi ń dà lójú Bọ̀ọ̀dá Nehemiah, kò nù ún.

"Tún un pè," ó ní. "Ọmọ wọn ni mí, mi ò lè pè é. Bá mi tún un pè."

Jọlá pè é títí bátìrì fi kú.

Wọ́n ti lẹ èsì ìdánwò náà báyìí. Jọlá yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi. Ẹran Àǹtí Felicia ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Jọlá sì ń fi ìdùnnú gbé e mì. Ní ìdájí, òun ló ń pe ilé nísinsìnyí. Tòkunbọ̀ á gbé fóònù sí ìyá arúgbó náà létí, Jọlá á ní, "Àbẹ̀ní, ṣé ẹ jí?" Ohùn yẹn á jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí kì í di ọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn náà, kì í tètè pa fóònù. Á dì í mọ́ etí díẹ̀ sí i, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi pe Àwẹ̀ró, kó tó mú báàgì rẹ̀ lọ wá bẹnsikín.